Wọ́n Ní Ayọ̀ọlá Sanra

Ayọ̀ọlá jí, kò sunkún. Ohun tó kọ́kọ́ já ìyá rẹ̀ láyà láàárọ̀ ọjọ́ náà nìyẹn. Ọmọ oṣù mẹ́jọ tí igbe rẹ̀ máa ń jí gbogbo ojúlé kí ilẹ̀ tó mọ́, ó kàn la ojú sílẹ̀, ó ń wo òrùlé bí àgbàlagbà tí ọ̀rọ̀ ti sú.

Àbídèmí kúnlẹ̀ ti ẹní, ó ṣí aṣọ lára rẹ̀. Ìgbẹ́ tún ti ya sí ọmọ nídìí, ó ṣàn bí omi, àwọ̀ rẹ̀ dà bí ewé tí wọ́n gún. Láti ìjẹta ni inú rẹ̀ ti ń ṣí bẹ́ẹ̀. Ìyá rẹ̀ nù ún, ó gbé e dìde. Orí ọmọ náà ṣubú sí èjìká rẹ̀, kò sì gbé e padà.

"Bàbá Ayọ̀ọlá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá wo ọmọ yìí."

Ògúntóyìn wà lẹ́nu ọ̀nà, ó ń fi àkísà nu ìjókòó ọ̀kadà rẹ̀. Ó yọ orí wọlé.

"Oorun ló ń kùn ún."

"Ojú rẹ̀ là sílẹ̀, kò sùn."

"Jẹ́ kó mu nǹkan, ara rẹ̀ á le. Ìyá oníṣu kan ń dúró dè mí ní Iresi. Bí mo bá pẹ́, ọlọ́kadà mìíràn ló máa kó ẹrù rẹ̀."

Àbídèmí gbé ọmọ lọ sí ẹ̀yìnkùlé, níbi tí ẹ̀wà sóyà tó ti rẹ sómi láti alẹ́ àná ti wú, tó kún abọ́ bámú. Iṣẹ́ tó ń fi jẹun nìyẹn. Bí ẹ̀wà bá ti rẹ, á bó èèpo rẹ̀, á gbé e lọ sí ilé ẹ̀rọ, á fi aṣọ sẹ́ ẹ, á sì gbé omi funfun tó bá jáde kaná. Bó bá ti tutù, á rọ ọ́ sínú ìgò oníke, á gbé e lọ sẹ́nu géètì kọ́lẹ́ẹ̀jì. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fẹ́ràn rẹ̀. Wọ́n ní mílíìkì sóyà Ìyá Ayọ̀ọlá dùn ju ti gbogbo èèyàn lọ ní Ìlá.

Nígbà tó bẹ̀rẹ̀, ó máa ń sè é pẹ́. Á jẹ́ kó hó, kó tún hó, títí tí ìfófó rẹ̀ á fi wálẹ̀, tí òórùn tútù ẹ̀wà á fi lọ kúrò nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n èédú ti wọ́n. Ẹ̀wà náà ti wọ́n. Ní báyìí, bó bá ti ru lẹ́ẹ̀kan ló ń sọ̀ ọ́ kalẹ̀, á da ṣúgà sí i, á kán fàníílà sí i kí òórùn náà má bàa jáde. Ẹ̀wà tó máa ń fi ṣe abọ́ kan, abọ́ méjì ló ń fi í ṣe. Gbogbo àwọn tó ń ta á ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tí kò bá ṣe é, èrè rẹ̀ kò ní ra ẹ̀wà ọ̀la.

Nínú ìkòkò yìí kan náà ló ti ń bu ti Ayọ̀ọlá.

Ó da èyí tó kù láti àná sínú fídà, ó ti orí rẹ̀ bọ ọmọ lẹ́nu. Ọmọ náà fà á díẹ̀, ó sinmi, ó tún fà á. Lẹ́yìn náà ó pọ gbogbo rẹ̀ sí ìyá rẹ̀ láyà.

Ìgbà yẹn ni Ìyá Ṣẹ́gun, tí ilé rẹ̀ kọjú sí tiwọn, wọlé wá. Ọmọ ọmọ rẹ̀, Elijah, wà lẹ́yìn rẹ̀. Ìyá Elijah ti lọ wá iṣẹ́ sí Èkó nígbà tí ọmọ náà wà ní oṣù mẹ́ta, ìyá àgbà yìí ló sì ń tọ́ ọ. Àràárọ̀ ló ń wá ra ìgò kan fún un.

"Ẹ káàárọ̀ o, Ìyá Ayọ̀ọlá. Ẹ̀n-ẹ́n, ọkọ mi ti jí!" Ó fa Ayọ̀ọlá lẹ́rẹ̀kẹ́. "Ẹ wo bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ṣe kún! Ẹ wo ẹsẹ̀! Irun orí rẹ̀ náà ti ń pọ́n bíi ti òyìnbó. Elijah, ṣé o rí ẹgbẹ́ rẹ? Ìwọ náà máa sanra bẹ́ẹ̀, ó di dandan."

"Ara rẹ̀ ò yá, mà. Inú rẹ̀ ń ṣí."

"Eyín ni. Ti Ṣẹ́gun náà rí bẹ́ẹ̀ nígbà tí eyín òkè fẹ́ hù. Ẹ fún un ní omi iyọ̀ díẹ̀."

Ó gba ìgò rẹ̀, ó lọ.

Ohùn àwọn méjèèjì ló mú ìyá Ògúntóyìn jáde láti yàrá rẹ̀. Ọ̀ṣúnbùkọ́lá lorúkọ rẹ̀. Ọ̀ṣun ló ń bọ láti kékeré, idẹ wà lọ́rùn ọwọ́ rẹ̀, aṣọ funfun sì ni ó ró. Kò sí ẹni tó ń fi Ayọ̀ọlá yangàn tó o. Bí àlejò bá wọlé, kó tó jókòó, ìyá àgbà á ti ní kí wọ́n gbé ọmọ wá, kí àlejò wo bí ọmọ òun ṣe ki pọ́pọ́.

Ó gba ọmọ lọ́wọ́ ìyàwó rẹ̀. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ kàn án níwájú orí.

"Ara rẹ̀ tutù. Ìyàwó, bu omi Ọ̀ṣun wá nínú awẹ̀ mi."

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká gbé e lọ sí ọsibítù."

"Mo ní kí o má gbé e lọ ni? Omi ni mo ní kí o bù."

Àbídèmí, tí í ṣe ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì látilẹ̀wá, wo ọkọ rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ wo ilẹ̀. Àbídèmí bu omi náà wá. Ìyá àgbà fi ìka kán an sí ọmọ lẹ́nu, ó fi pa á níkùn, ó ń bá a sọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Ọmọ náà gbé omi náà mì, ìdí rẹ̀ sì tún ya.

"Ọsibítù ni," Àbídèmí tún wí.

"Kí la máa kó dání lọ?" Ògúntóyìn bi í. "Èmi kọ́ ni mo ní ká má lọ. Jẹ́ kí n dé Iresi ná. Ohun tí mo bá rí níbẹ̀ la máa kó lọ sí ọsibítù."

"Bí ẹ ṣe wí nìyẹn nígbà tí mo ní ká ra mílíìkì agolo."

Ògúntóyìn sọ àkísà ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

"Ta ló dá agolo dúró? Ṣé èmi ni mo ti ṣọ́ọ̀ṣì dé tí mo ní wọ́n ti là mí lóye? Ìwọ lo jókòó síhìn-ín tí o ní obìnrin kan wá bá ẹgbẹ́ ìyá sọ̀rọ̀, pé gbogbo ohun tó wà nínú mílíìkì màlúù ló wà nínú sóyà, pé owó ọ̀fẹ́ ni àwa ń kó fún àwọn alágolo."

"Ó wí bẹ́ẹ̀! Mo sì dé ilé, mo bi yín, ẹ ní Ọlọ́run ló rán obìnrin náà sí wa."

"Agolo kan ju ohun tí mo ń rí lọ́sẹ̀ lọ, Àbídèmí! Àfi kí n jalè!"

"Mo ní kí ẹ jalè?"

"Nígbà tí mo bí Ògúntóyìn," ìyá àgbà wí, kò wo ẹnikẹ́ni, "ọmú ni mo fún un. Ọdún méjì gbáko."

Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló mọ bí ọmú Àbídèmí ṣe wú, tí wọ́n là á, tí méjèèjì sì gbẹ. Ìyá àgbà fúnra rẹ̀ ló ń fi omi gbígbóná tẹ̀ ẹ́ nígbà náà, tí ó ń bá a sunkún. Ó mọ̀ pé kò yẹ kí òun wí ohun tí òun wí. Ṣùgbọ́n ẹyin lohùn.

Ògúntóyìn gun ọ̀kadà rẹ̀. "Mo ń bọ̀ kíákíá," ó wí, ó sì lọ.

Àbídèmí kò lọ sí géètì kọ́lẹ́ẹ̀jì lọ́jọ́ náà. Ó jókòó sí ìloro pẹ̀lú ọmọ lórí ẹsẹ̀. Ó po ògì díẹ̀, ó fi ìka tọ́ ọ sí i lẹ́nu, ògì náà dúró lórí ahọ́n ọmọ bí ìgbà tí èèyàn fi nǹkan sórí pẹpẹ. Àwọn tó ń kọjá ń kí i. Ọ̀kan ní kó fi epo pupa pa á níkùn. Òmíràn ní kí wọ́n má jẹ́ kí oríṣiríṣi èèyàn máa gbé ọmọ náà mọ́, pé ọmọ tó bá sanra báyẹn, ojú á pọ̀ lára rẹ̀. Àbídèmí ń dáhùn pé, "Ẹ ṣeun, mà." Ẹ̀wà tó ti rẹ wà lẹ́yìnkùlé, ó ti ń kan, eṣinṣin ti bò ó.

Nígbà tí oòrùn kan àtàrí, ọmọ náà ṣíwọ́ wíwo nǹkan. Ojú rẹ̀ là, ṣùgbọ́n kò tẹ̀lé ọwọ́ ìyá rẹ̀ mọ́ bó ti jù ú sọ́tùn-ún, sósì. Ìyá àgbà ló kọ́kọ́ dìde. Ó wọ bàtà rẹ̀ ní òdì.

"Ìyàwó, gbé e. Ká lọ. Ká máa lọ."

Ọlọ́kadà ojú títì kan gbé wọn, ó gbà pé kí wọ́n san owó rẹ̀ bí Ògúntóyìn bá dé, nítorí pé ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ni.

Èrò pọ̀ lórí bẹ́ǹṣì ilé ìwòsàn, ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn obìnrin tó wà níbẹ̀ rí ọmọ náà, wọ́n sún, wọ́n ní kí wọ́n máa wọlé lọ. Nọ́ọ̀sì kan ṣoṣo ló wà lẹ́nu iṣẹ́. Ìyáàfin Adéwùmí ni wọ́n ń pè é. Ó tẹ́ ọmọ sórí tábìlì, ó ṣí ipéǹpéjú rẹ̀ wò, ó fa irun rẹ̀ díẹ̀, irun náà sì tẹ̀lé ọwọ́ rẹ̀ wá láìjà. Ó fi àtàǹpàkò tẹ ọmọ lórí ẹsẹ̀, ó sì gbé ọwọ́ kúrò. Ojú ibi tó tẹ̀ kò padà wú. Ó jinlẹ̀ síbẹ̀, bí ìgbà tí èèyàn bá fi ìka tẹ ẹ̀bà.

"Kí ló ń jẹ?"

"Ògì, mà. Àti mílíìkì sóyà."

"Sóyà wo? Ti inú agolo, tí wọ́n dìídì ṣe fún ìkókó?"

"Èyí tí mò ń ṣe fúnra mi, mà. Tí mò ń tà."

Nọ́ọ̀sì náà ń wá ibi tí á ti gún abẹ́rẹ́.

"Ṣùgbọ́n ó sanra," ìyá àgbà wí. Ó ń bẹ̀bẹ̀ ni. "Gbogbo ayé ló ń sọ pé ó sanra."

"Ìyá, ọmọ yìí kò sanra. Ó wú ni. Omi ló wà lára rẹ̀. Àìjẹunrekánú ló ń dà á láàmú."

"Ó ń yó! Ó ń mu ú yó!"

"Ó ń yó, Ìyá. Omi náà máa ń yóni."

Àbídèmí di etí tábìlì mú. "Mà, obìnrin tó wá bá wa sọ̀rọ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó kàwé. Ó ní ìkan náà ni. Ó ní gbogbo ohun tó ń mú ara dàgbà ló wà nínú rẹ̀."

"Kò purọ́. Kò sọ ọ́ tán ni." Nọ́ọ̀sì náà ti dán ọwọ́ wò, kò rí iṣan. Ó ń wá a lẹ́sẹ̀. "Ẹ̀yin àti èmi lè mu sóyà, a ó tún jẹ ẹja, a ó jẹ ẹ̀fọ́. Kò ní ṣe wá ní nǹkan, ó dára fún wa pàápàá. Ìkókó ò ní nǹkan mìíràn tó ń jẹ. Èyí tí wọ́n ń ṣe fún wọn, wọ́n ti fi oríṣiríṣi nǹkan kún un tí kò sí nínú ẹ̀wà. Ó sì jọ pé ẹ tún bomi là á. Ṣé ẹ máa ń sè é dáadáa?"

Àbídèmí mi orí pé rárá.

"Bí kò bá jinná, ikùn ọmọdé kò lè gbà á. Á máa yà á jáde ni." Ó fi bẹ́lédì fá irun ẹ̀gbẹ́ orí Ayọ̀ọlá, ó ń wá iṣan níbẹ̀. Òógùn bo ojú rẹ̀. Kò sí ìbínú nínú ohùn rẹ̀. Ó dà bí ẹni tó ti sọ ọ̀rọ̀ yìí fún èèyàn púpọ̀ tí kò sì mọ ohun tí sísọ rẹ̀ ṣe. "Oúnjẹ kan wà tí a máa ń fún irú wọn. Ó ti tán lọ́wọ́ wa láti oṣù tó kọjá. Dókítà kò sí nílé. Òṣogbo lẹ máa gbé e lọ. Ẹ wá ọkọ̀. Ẹ má fi ọ̀kadà gbé e o, ọkọ̀ ni."

Ògúntóyìn wọlé bí ó ti ń sọ èyí lọ́wọ́. Erùpẹ̀ ọ̀nà Iresi wà ní gbogbo ojú rẹ̀. Ó ti dé ilé, ó bá ilé lófìfo, aládùúgbò ló júwe ibi tí wọ́n wà. Ó wo ọmọ lórí tábìlì, ó wo irun tó wà nílẹ̀.

"Kí ni wọ́n wí?"

"Òṣogbo," ìyá rẹ̀ dá a lóhùn. "Wá ọkọ̀. Sáré."

Kò bèèrè nǹkan mìíràn. Ó yí padà, wọ́n gbọ́ bí ó ti tẹ ọ̀kadà mọ́lẹ̀ tó sì fi eré jáde.

Nọ́ọ̀sì náà rí iṣan kan níkẹyìn, omi bẹ̀rẹ̀ sí í kán. Ó ní kí Àbídèmí gbé ọmọ sẹ́sẹ̀, kó fi aṣọ bò ó kó lè móoru. Ìyá àgbà bọ́ ìborùn rẹ̀, ó fi wé ọmọ. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níwájú wọn, ó di ẹsẹ̀ ọmọ náà mú, ó ń pe oríkì rẹ̀.

"Àkànní. Àkànní mi. Ọmọ Ògúntóyìn. Má lọ o. Kò sí ẹni tó bá ọ jà. Àkànní."

Ó pè é, ó pè é. Nígbà tó ṣe, Àbídèmí wí pé, "Ìyá, ẹ dákẹ́." Ó rọra wí i, bí ẹni tí kò fẹ́ kí ọmọ jí. Ìyá àgbà gbójú sókè wò ó. Nọ́ọ̀sì wá, ó gbé etí lé ọmọ láyà, ó pẹ́ níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ó na ọwọ́, ó sì dá omi tó ń kán dúró.

Wọ́n gbọ́ bíréèkì ọkọ̀ níta. Ògúntóyìn yọ sẹ́nu ọ̀nà, ó ń mí hẹlẹ.

"Mo ti rí ọkọ̀. Ó gbà. Ó ní ká máa bọ̀."

Awakọ̀ tó wà níta fọn fèrè lẹ́ẹ̀kan, ó tún fọn ọ́n.

Àwọn àgbà ojúlé ló gba òkú náà lọ́wọ́ wọn. Wọ́n gbé e lọ síbi tí wọ́n ń gbé irú rẹ̀ lọ. Bàbá àti ìyá kò gbọdọ̀ dé ibẹ̀. Nígbà tí oòrùn ń rẹlẹ̀, ilé kún fún obìnrin. Wọ́n tẹ́ ẹní fún Àbídèmí, wọ́n tò yí i ká.

"Omi ló dànù, agbè ò fọ́," ni ọ̀kan wí.

"Àmín," ni àwọn yòókù wí.

"Ọlọ́run á fi òmíràn rọ́pò. Ọmọdé ṣì ni yín."

Lẹ́nu ọ̀nà, àwọn tí kò ráyè wọlé ń sọ tiwọn. Ẹnì kan ní ọmọ náà ti sanra jù, pé òun ti mọ̀ pé ọmọ tó bá yára tóbi báyẹn kì í dúró. Ẹnì kan bèèrè bóyá wọ́n ti wo ilé ẹni tó kẹ́yìn gbé e. Ọmọbìnrin akẹ́kọ̀ọ́ kan ti géètì kọ́lẹ́ẹ̀jì wá bèèrè ìdí tí wọn kò fi rí Ìyá Ayọ̀ọlá lónìí, wọ́n sọ fún un, ó fi ọwọ́ bo ẹnu, ó padà. Ìyá àgbà wà ní yàrá rẹ̀, ó ti ilẹ̀kùn. Ògúntóyìn jókòó sórí ọ̀kadà rẹ̀ níta, kò lọ síbì kan, ó di ọwọ́ ọ̀kadà náà mú bí ẹni tó fẹ́ gbéra.

Ìyá Ṣẹ́gun ló kẹ́yìn nínú àwọn tó wọlé. Ojú rẹ̀ ti wú fún ẹkún. Elijah sùn lẹ́yìn rẹ̀, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kan lẹ̀ mọ́ aṣọ.

"Ẹ pẹ̀lẹ́, Ìyá Ay..." Ó gbé e mì. "Àbídèmí. Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi."

Àbídèmí gbójú sókè, ó wo ọmọ tó wà lẹ́yìn obìnrin náà.

"Ìyá Ṣẹ́gun, ẹ má fún un mọ́."

"Kí ni?"

"Mílíìkì sóyà. Ẹ má fún Elijah mọ́. Òun ló pa ti èmi. Ọwọ́ mi ni."

Ẹnì kan ní, "Háà, má wí bẹ́ẹ̀." Òmíràn ní ìbànújẹ́ ló ń sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n Ìyá Ṣẹ́gun wo Àbídèmí dáadáa, ó rí i pé ọ̀rọ̀ gidi ló ń sọ, ó sì jókòó ti ẹní rẹ̀.

"Nọ́ọ̀sì ló wí bẹ́ẹ̀?"

"Òun ni. Ó ní omi lásán ni. Ó ní kò tó ọmọdé."

"Ó dáa." Obìnrin náà mi orí. Kò bínú, kò sì jiyàn. "Mo ti gbọ́. Èmi ò ní ọmú, ìwọ náà mọ̀. Ìyá rẹ̀ kò tíì ríṣẹ́ ní Èkó. Agolo, mo máa ń wò ó ní ṣọ́ọ̀bù, mi ò tíì fọwọ́ kàn án rí. Kí wá ni kí n máa fún un?"

Àbídèmí la ẹnu. Gbogbo obìnrin tó wà níbẹ̀ ń retí ohun tó máa wí, nítorí pé nínú wọn, ọ̀pọ̀ ló ní ìkókó nílé. Ó wo ojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó tún pa ẹnu dé.

Wọ́n jókòó bẹ́ẹ̀ títí. Nígbà tí Elijah jí, tó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹnu wá aṣọ tó wà lẹ́yìn ìyá àgbà rẹ̀, Ìyá Ṣẹ́gun dìde. Ó ní kí wọ́n má bínú o, òun ń bọ̀. Ó sọdá títì, ó lọ bá obìnrin mìíràn tó ń ta mílíìkì sóyà ní ọ̀nà ọjà, ó ní kó fún òun ní ìgò kan.